Wọ́n Ní Iṣẹ́ Rélùwéè Á Dùn ún Wò ní Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ síta kí àyà mi lè fúyẹ́: kò sí iṣẹ́ láyé yìí tí kò yẹ fún eré tẹlifíṣọ̀n tó iṣẹ́ ojú irin. Mo ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Gáàdì ni mí. Dẹ́rẹ́bà ló máa ń wà níwájú, èmi ni mo máa ń wà ní ìdí ọkọ̀ pátápátá, nínú yàrá kékeré kan tó ń mì jìgìjìgì, pẹ̀lú àsíá méjì àti fèrè kan. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí gáàdì ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń dúró ni. Ó ń dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì. Ó ń dúró de ẹni tó lọ pe ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló fẹ́ jókòó sílé rẹ̀ kó máa wo ẹni tó dúró?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, àbíkẹ́yìn mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn. Iléeṣẹ́ kan tó ń ya ètò tẹlifíṣọ̀n ló ń bá ṣiṣẹ́. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀, wọn ò sì tíì gbà á wọlé tán. Wọ́n ṣì ń wò ó ni. Ó kí mi, ó kí ìyá rẹ̀, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, ó béèrè àwọn ewúrẹ́. Tí ọmọ bá ti ń béèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ èèyàn láti Ìbàdàn, kí èèyàn ti fura.

"Bàbá," ó ní, "ọ̀gá mi ń wá nǹkan tuntun tí ẹnì kan ò tíì ṣe rí. Mo sọ fún un pé ká ṣe ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Inú rẹ̀ dùn sí i. Wọ́n ń bọ̀ wá bá yín ní Ṣakí, ẹ̀yin àti bàbá Àgọ́-Àrẹ."

Mo ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ọ̀gá náà ti sọ fún òun pé ètò yìí ni wọ́n máa fi wo òun. Tó bá dùn, òun ti di òṣìṣẹ́ wọn nìyẹn. Tí kò bá dùn, kí òun máa kó ẹrù òun bọ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ wá ká mi mọ́. Ọmọ yìí parí iléèwé gíga, ó sì jókòó tì wá nínú ilé títí àwọn ará àdúgbò fi ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣòjòjò: "Ṣé kò tíì sí nǹkan? Ọlọ́run á ṣe é." Ó kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé aládàáni kan ní Ìsẹ́yìn, ó ta káàdì fóònù, ó bá ìyá rẹ̀ ṣa káṣù lóko. Kì í ráhùn sí wa létí, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ ọ tó bá ń sunkún nínú yàrá. Ìgbà tó ríṣẹ́ kámẹ́rà yìí ni mo tó tún gbọ́ kó rẹ́rìn-ín láti inú wá. Èwo ni kí n wá wí? Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ìyàwó mi ló là mí lóye irú ètò tó jẹ́, torí òun ló máa ń wò ó tí iná bá wà. Ó ní wọ́n á kó àwọn èèyàn jọ sínú ilé kan, wọ́n á máa fi kámẹ́rà ṣọ́ wọn bí ẹni ṣọ́ olè. Wọ́n á máa jà, wọ́n á máa sunkún, àwọn tó ń wò wọ́n nílé á sì máa dìbò lé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi ku ẹyọ kan.

"Ìyá wọn," mo ní, "tí wọ́n bá lé dẹ́rẹ́bà jáde, ta ni yóò wa ọkọ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o."

"Kí la sì fẹ́ máa jà lé lórí?"

"Ẹ̀yin ọkùnrin ò lè ṣàì rí nǹkan jà lé lórí," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí kò yé wọn nìyí, tó sì ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Iṣẹ́ rélùwéè, gbogbo òfin rẹ̀, gbogbo àsíá rẹ̀, gbogbo fèrè tí à ń fọn, kí nǹkan má baà ṣẹlẹ̀ ni. Tí o bá kúrò níbì kan, tí o gúnlẹ̀ síbòmíràn, tí ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan sọ nípa rẹ, o ti ṣiṣẹ́ náà yanjú nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀, kí nǹkan ṣáà ti ṣẹlẹ̀ ló ń wá kiri. Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe fẹ́ jọ jẹun nínú abọ́ kan?

Bàbá Àgọ́-Àrẹ tí ọmọ mi ń wí, dẹ́rẹ́bà mi ni. Irin kankan ò gba Òkè-Ògùn kọjá, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìbò nìkan la máa ń gbọ́ pé ó ń bọ̀. Àwa méjèèjì la fi ẹsẹ̀ ara wa wá a lọ nígbà tí a wà lọ́mọkùnrin, wọ́n gbà wá síṣẹ́ pọ̀, ọkọ̀ kan náà la sì jọ lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá rojọ́ láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, òun á kàn ní "Hùn-ún."

Òfin kan wà tí dẹ́rẹ́bà kankan ò gbọdọ̀ rú: kò gbọdọ̀ mú ọkọ̀ kúrò ní ìdúró àfi tí gáàdì bá fún un lámì. Oòrùn lè mú, ọkọ̀ lè ti pẹ́, àwọn èrò lè máa ṣépè. Dẹ́rẹ́bà á yọrí síta lójú fèrèsé, á wẹ̀yìn, á máa wo gáàdì lójú. Tí mo bá na apá kan sókè, kó máa lọ. Tí mo bá na apá méjèèjì sókè, kó dúró gbọin, ewu wà. Kò sí ìbéèrè, kò sí àlàyé.

A ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n òfin yìí ò fẹ̀yìn tì lára ọkùnrin náà. Tó bá wá kí mi ní Ṣakí lórí alùpùpù rẹ̀, tó wá fẹ́ padà, á ta iná sí i, á jókòó lé e, á sì yíjú sẹ́yìn. Kò ní lọ o. Á máa wò mí títí n óò fi na apá kan sókè. Nígbà kan, mo ti gbàgbé rẹ̀, mo ti wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ọkùnrin yìí sì dúró síbẹ̀ tí epo ń jó lọ ráúráú. Ìyàwó mi ló wá ń kan ilẹ̀kùn: "Bàbá wọn, ẹ jáde wá tú dẹ́rẹ́bà yín sílẹ̀ o, èéfín ti bo aṣọ tí mo sá!" Àwọn ọmọ wa fi ṣe yẹ̀yẹ́ dàgbà ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ sí wa rí lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, èmi àti òun nìkan la sì mọ̀ ọ́n ní gbogbo agbègbè wa. Ẹ ó gbọ́ bí mo ṣe wá ń kọ ọ́ síbí. Ọ̀sán gangan ni, ní ìlú kékeré kan lápá òkè tí ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ ọjà rẹ̀. Obìnrin kan ti sọdá. Ó ti sọdá tán, ó ti bọ́. Ló bá rántí ẹrù kan tó gbé kalẹ̀ lódìkejì, ló bá yí padà. Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe alùpùpù. Ibi tí o bá ti tẹ bíréèkì rẹ̀ kọ́ ló ti ń dúró. Dẹ́rẹ́bà tẹ̀ ẹ́, ó sì ń fọn fèrè, ó ń fọn ọ́n. Ó rí ojú obìnrin náà, obìnrin náà sì rí tirẹ̀. Nígbà tí mo fi sáré dé iwájú láti ìdí ọkọ̀, mo bá dẹ́rẹ́bà tó jókòó sórí òkúta, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ṣèwádìí, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Ìyẹn ò tù ú nínú. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ nílé, kódà fún ìyàwó òun. Mo ní kí ló dé? Ó ní òun ò fẹ́ kí ìyàwó òun máa wo ọwọ́ òun tó bá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún òun. Ìyàwó náà ti rọ̀run báyìí, Ọlọ́run forí jì í, kò gbọ́ ọ títí tó fi lọ. Àwọn ọmọ wọn ò gbọ́ ọ. Ọmọ tèmi náà ò gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo pe dẹ́rẹ́bà lórí fóònù pé àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: tí kò bá dùn, iṣẹ́ ọmọ wa ti lọ. Ó ní, "Hùn-ún." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ wa ni." Ọ̀rọ̀ púpọ̀ nìyẹn lẹ́nu rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ti wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, eruku ọ̀nà ti sọ gbogbo wọn di aláwọ̀ kan. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó wọ awò dúdú, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn jù. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó dìde kíá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Dádì, ọkọ̀ ojú irin náà dà?"

"Èwo?"

"Èyí tí ẹ̀ ń lò."

Mo wo ọmọ mi. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun rò pé ibi tí òṣìṣẹ́ rélùwéè bá wà, irin á wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹni tó fi ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ ṣe wà ní òpópónà kejì níbẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ rí òkun nígbà tí ẹ̀ ń bọ̀? Èmi kì í sì í ṣe dádì rẹ."

"Ẹ má bínú, Dádì."

Ó ní kò burú, àwọn á wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n yọ fìlà méjì jáde nínú àpò, wọ́n ní aṣọ iṣẹ́ wa nìyẹn. Tí ẹ bá rí fìlà yẹn! Ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì ni. Dẹ́rẹ́bà dé tirẹ̀, ó bò ó mọ́jú dé imú. Mo dúró kó bínú. Ó ní, "Hùn-ún."

Wọ́n ní kí á wá jẹun. Ọ̀gá náà ti lọ yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Ó ní kí ọ̀kan nínú wa mú ẹran náà, kí èkejì gbaná jẹ. Ìyàwó mi tó gún iyán rí abọ́ náà, òun ló gbaná jẹ. "Ẹran kan? Nínú ilé mi? Kí àwọn èèyàn mi ní Ìgbòho wá rí i nínú tẹlifíṣọ̀n pé ẹran kan ni mo fi ń ṣe àgbàlagbà méjì lálejò? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni?" Ó gba abọ́ ọbẹ̀, ó bu ẹran kún un títí omi ọbẹ̀ fi ń dà sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ni wọ́n bá ní kí á máa jà lé èyí tó tóbi jù. Dẹ́rẹ́bà mú èyí tó tóbi jù náà, ó gbé e síwájú mi. Mo gbé e padà síwájú rẹ̀. Ó tún gbé e padà.

"Kò sí ìjà nínú eléyìí," ọ̀gá náà ní.

Mo ní, "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn."

Ó ní kí n sọ ìtàn tó panilẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo sọ ti ọmọ Ìpapó kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Irin ẹyọ kan ni à ń lò nígbà yẹn, alọ àti àbọ̀. Kí ọkọ̀ méjì má baà forí sọra, ọkọ̀ tí àmì àṣẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè gba ibẹ̀ kọjá. Ara òrùka ńlá kan ni wọ́n so àmì náà mọ́. Ọ̀gá ìdúró, ẹni tó ń bójú tó ibùdókọ̀ ojú irin, á nà án sókè létí irin, igbákejì dẹ́rẹ́bà á yọ apá kan síta, á fi kọ́ ọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré lọ. Lọ́jọ́ tó kan ọmọ Ìpapó yìí, ọ̀gá ìdúró jẹ́ bàbá arúgbó, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ọmọ wa rí i pé àgbàlagbà ló ń na nǹkan sí òun. Ṣé ó wá lè fi ọwọ́ kan gbà á? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ọkọ̀ ti kọjá. Bàbá dúró síbẹ̀ tòun ti òrùka rẹ̀. A dá ọkọ̀ dúró, èmi ni mo fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn lọ gbà á, gbogbo èrò inú ọkọ̀ sì ń bú mi láti ojú fèrèsé. Dẹ́rẹ́bà ní, "Ọmọ yìí, ẹ̀kọ́ ilé tìrẹ máa pa wá."

Ẹni tó di máìkì mú rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Dádì, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò sunkún níbẹ̀."

"Èmi tí mo rìn padà ńkọ́? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún."

Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ fóònù rẹ̀. Ọmọ mi fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun. Ó ń sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé kò sí nǹkan níbí. Ó ti ń sọ pé àṣìṣe mi ni. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́, ṣé nǹkan gidi kan ò ṣẹlẹ̀ rí ni? Nǹkan kan péré, Bàbá."

Mo ní kó lọ gbé omi fún àwọn àlejò. Nígbà tí mo yíjú, dẹ́rẹ́bà ló wà nídìí kòtò omi níbẹ̀, ó ń ṣan ọwọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó kọjá lára mi.

Wọ́n gbé àga kan sí abẹ́ igi màngòrò iwájú ilé. Ọ̀gá ní èmi ń sọ̀rọ̀ jù, kí n lọ dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, kí bàbá kejì wá jókòó. Dẹ́rẹ́bà jókòó. Ọ̀gá náà rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dára lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: "Bàbá, ṣé ọjọ́ kan ò sí tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lójú irin, tí ẹ ò lè gbàgbé?"

Dẹ́rẹ́bà ṣí fìlà báńkì yẹn kúrò lórí, ó mú un dání. Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ojú rẹ̀ sì wá bá tèmi. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá rò pé etí rẹ̀ wúwo, ó tún ìbéèrè náà béèrè sókè. Ọmọ mi dúró lápá ọ̀tún mi, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà. Gbogbo wọn rò pé bàbá arúgbó ń ronú ni. Kì í ṣe ìrònú. Mo mọ ojú yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú tèmi nínú dígí lọ. Ó ti ṣe tán. Ó ti gba nǹkan náà dé ẹnu. Nítorí ọmọ tó gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, ó máa sọ ohun tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ títí ìyẹn fi kú, ó máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n nílé. Ó kù kí n na apá kan sókè.

Inú bí mi! Inú bí mi sí ọ̀gá náà àti awò rẹ̀. Inú bí mi sí ọmọ mi pé nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé, rélùwéè ló rí mú. Inú bí mi sí dẹ́rẹ́bà jù lọ, tó tún kó gbogbo rẹ̀ lé mi lórí bó ṣe máa ń ṣe, tó wá jókòó síbẹ̀ tó ń wò mí. Mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rántí ẹkún inú yàrá yẹn. Wàláì, apá mi ọ̀tún gbéra.

Apá òsì náà gbéra. Mo na méjèèjì sókè.

Dẹ́rẹ́bà pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀," ó sọ fún wọn. "A lọ, a bọ̀. Alihamudulilahi."

Wọ́n kó kámẹ́rà wọn. Ọ̀gá náà bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká. Ó ní kó kúkú dúró sinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ díẹ̀ ná, àwọn á pè é. A mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ wọn lọ, ọmọ mi sì wọlé wá bá mi ní pálọ̀.

"Mo rí yín, Bàbá. Bàbá Àgọ́-Àrẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì dákẹ́. Kí ni mo fi ṣe yín?"

Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn tí kì í ṣe ohun tí mo ní kí ẹnì kan má sọ? Mo ní, "Má bínú." Ó wọ yàrá lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ẹkún tí mo mọ̀ yẹn tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí dẹ́rẹ́bà ta iná sí alùpùpù rẹ̀ níta. Mi ò dìde. Ìyàwó mi ké láti ẹ̀yìnkùlé, "Bàbá wọn, dẹ́rẹ́bà yín o!" Alùpùpù ń dún, èéfín ń wọlé. Nígbà tó pẹ́, ilẹ̀kùn yàrá ṣí, ọmọ mi kọjá níwájú mi pẹ̀lú ojú tó ti wú, ó jáde síta. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ máa lọ, Bàbá, ilẹ̀ ń ṣú." Mo gbọ́ tó tún un sọ. Alùpùpù ò kúrò lójú kan.

Ó padà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá," ó ní, "bí Bàbá Àgọ́-Àrẹ ṣe ń wo ẹnu ọ̀nà yìí, bí wọ́n ṣe ń wò yín lábẹ́ màngòrò náà nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

"Èmi ni."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ṣé nǹkan náà burú ni?"

"Ó burú, ọmọ mi."

Kò béèrè mọ́. Ó na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde lórí àga. "Ẹ jáde wá tú wọn sílẹ̀. Epo ń jó." A jọ jáde. Mo na apá kan sókè. Dẹ́rẹ́bà yíjú síwájú, ó sì lọ. Ọmọ mi dúró tì mí títí a ò fi gbọ́ ìró alùpùpù náà mọ́.

Wọn ò pè é. Ọmọ mi ń ya ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ní Ṣakí àti Ìgbòho báyìí. Ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ tó fẹ́, mi ò sì ní sọ fún yín pé òun ló fẹ́. Tí ìyá rẹ̀ bá ń wo ètò yẹn, á dìde kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ó wù mí láti kọ èyí, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Dẹ́rẹ́bà ń pa ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ ìlú obìnrin yẹn. Mo ní tó bá sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ń pa ẹ̀pà lọ. Mo rojọ́, mo ṣàlàyé, mo tún un ṣe, kò tilẹ̀ ní "Hùn-ún." Ọ̀ràn náà sú mi. Mo dìde, mo lọ gun ẹ̀yìn ọ̀kadà tó ń dúró dè mí, mo ní kí ọlọ́kadà ta iná sí i.

Àmọ́ mi ò jẹ́ kó lọ. Èmi tí wọ́n máa ń wò láti ọjọ́ yìí wá, èmi náà ni mo wẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn. Dẹ́rẹ́bà ti dìde dúró, èèpo ẹ̀pà wà lára aṣọ rẹ̀. Ó wò mí, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó na apá kan sókè.